Orin Tí Mo Gbé Lọ sí Ákírà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọwọ́ líle mú mi lórí ohun tí mo kọ yìí. Èmi kì í ṣe òǹkọ̀wé. Kíláàsì kejì ní girama ni ìwé mi parí sí, láti ìgbà náà, ohun tí mo sábà máa ń kọ kò ju ìwọ̀n àyà àti ìbàdí oníbàárà lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi bá ti wọ́, ẹ fà á tọ́ bí a ti í fa aṣọ tó rún, kí ẹ máa bá mi lọ. Mo tún jẹ́ onítìjú ènìyàn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ẹni tí mo pàdé láti Ìkòsí dé Kétu tí kò bi mí pé, "Rọ̀fíà, báwo ni Gánà?" Ẹ̀rín lásán ni mo máa ń rín. Mi ò mọ bí a ti í sọ odindi ìlú lórí ìdúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Ìkòsí

Ṣọ́ọ̀bù Aunty Bísí ni mo ti ń ránṣọ. Ẹni tí ojú ń tì kì í bá oníbàárà sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí náà ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo máa ń kọrin sí. Kì í ṣe orin ńlá, ohun tó bá ṣáà ti wá sí mi lẹ́nu ni. Ní ọjọ́ kan, Aunty Bísí dúró sẹ́yìn mi pẹ̀lú fóònù, mi ò mọ̀. Wọ́n gba orin mi sílẹ̀, ohùn ẹ̀rọ pẹ̀lú ohùn mi, wọ́n sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyí:

Àníkẹ́, rọra fà á o,
Òwú tí a fi sùúrù fà kì í já.

Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti di orin gbogbo ènìyàn. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ta èso ní Kétu ń fi í jó níwájú fóònù. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èrò lọ sí Àgbóyí ń fi í tukọ̀. Aunty Bísí ṣí ojúewé kan fún mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí orin mi á máa wà nínú rẹ̀, wọ́n ní kí n mú páswọ́ọ̀dù, "ohun tí ìwọ nìkan mọ̀." Mo rò ó, mo sì tẹ ohun tí mo gbà pé àṣírí ni.

Kò pẹ́ rárá tí àtẹ̀jíṣẹ́ fi dé láti Ákírà. Ọkùnrin kan tó ń gbé orin jáde níbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Kòfí, ní òun fẹ́ kí n wá kọ orin náà dáadáa nínú sítúdíò òun, kí òun gbé e lọ sí rédíò. Òun ló máa gbọ́ bùkátà ọ̀nà.

"Rọ̀fíà, o ti di ìlúmọ̀ọ́ká!" Aunty Bísí ń jó, téèpù ìwọ̀n ń fì lọ́rùn wọn. "Láńre àbúrò mi wà ní Ákírà, ilé rẹ̀ lo máa dé sí. Kí ló dé tó o ń wò mí báyìí?"

"Aunty, ṣé màá bá wọn sọ̀rọ̀ ni?"

"Orin lo fẹ́ lọ kọ. Ṣé ẹyẹ ń sọ̀rọ̀ ni?"

Kí n má parọ́ fún yín, mo fẹ́ kí rédíò gbé orin mi ju bí mo ti fẹ́ oúnjẹ lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀rù nìkan ni kí ẹnìkan bi mí ní ìbéèrè.

Kútọnu

Mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ ẹnubodè. Ẹni tó ti kọjá níbẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò tíì kọjá, kó máa gbádùn.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Kútọnu ni pé ọ̀kadà pọ̀ bí eéṣú, síbẹ̀ mi ò gbọ́ kí ẹnìkan bú ìyá ẹnìkejì. Mo tẹ́tí títí. Ní Òjọ́tà tiwa, bí ọlọ́kọ̀ bá gbá ọ lára tí kò bú ọ, ṣe lo máa rò pé ara rẹ̀ kò yá.

Wọ́n dá ọkọ̀ dúró kí á jẹun. Ìyá arúgbó kan ń ta àkàsà, ohun tó jọ ẹ̀kọ wa, pẹ̀lú ẹja díndín. Mo nawọ́ sí èyí tí mo fẹ́, nítorí mo rò pé Faransé ni mo máa gbọ́. Ìyá náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ò kí ènìyàn?" Yorùbá gidi, bí èyí tí ìyá àgbà mi ń sọ ní Ìsẹ́yìn! Kíá ni mo kúnlẹ̀.

"Níbo lo ti wá?"

"Kétu ni, mà."

"Kétu!" Ìyá náà fi síbí lélẹ̀. "Èmi náà, Kétu ni wọ́n bí mi sí! Agboolé wo?"

Wàhálà dé. Kétu tiwọn ni Kétu ìlú aládé, tó wà nínú ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lọ́hùn-ún. Kétu tèmi ni èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ Máìlì 12. Ó yẹ kí n ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ìdùnnú ti kún ojú ìyá náà, ojú sì ń tì mí láti bà á jẹ́.

"Agboolé Aunty Bísí ni, mà."

Wọ́n ronú. Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀. "Àwọn Bísí... Ẹ̀n-ẹ́n! Mo mọ̀ wọ́n! Ènìyàn pupa ni wọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n fi ẹja ńlá kan kún tèmi, wọ́n ní kí n bá àwọn kí gbogbo agboolé. Mo ti jẹ́ iṣẹ́ náà fún Aunty Bísí, wọ́n sì kí ìyá padà o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dúdú bí kóró iṣin.

Bí mo ti ń jẹun lọ́wọ́, ọlọ́kadà kan wá jókòó tì wá, ó tan fóònù rẹ̀. *Àníkẹ́, rọra fà á o.* Mo gbé àkàsà kalẹ̀. Ohùn èmi fúnra mi ni, nínú ìlú tí n kò mọ ẹnìkan! Ìyá alákàsà ń mi orí sí i bí ẹni tó ti gbọ́ ọ tipẹ́. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ìgboyà, mo bi ọ̀gbẹ́ni náà pé ta ló kọ orin yìí.

"Obìnrin kan ní Ìbàdàn ni," ó wí, Faransé ń fà á lẹ́nu lọ́tùn-ún lósì. "Ó sanra gan-an. Ó ti kú."

"Ó ti kú?"

"Ó ti pẹ́. Àìsàn ni. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere."

Ìyá alákàsà ní àmín. Kí ni mo lè ṣe? Èmi náà ní àmín.

Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, ẹ̀rín gbé mi dé ibi tí obìnrin tó jókòó tì mí fi sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lẹ́yìn tí ẹ̀rín tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ náà. Orin yìí ti kọjá ẹnubodè ṣáájú mi, kò sì sí ẹni tó béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé e lọ sí rédíò fún mi ní Kútọnu. Àwọn ènìyàn ló fi ọwọ́ ara wọn gbé e débẹ̀, láti fóònù sí fóònù. Wọ́n kàn gbàgbé ẹni tó ni ín lọ́nà ni, wọ́n sì wá òmíràn fi dípò.

Ákírà

Sister Éfúà, ìyàwó Uncle Láńre, ló wá pàdé mi. Ọmọ Gánà ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ Yorùbá lẹ́nu ọkọ, wọ́n sì ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta gbígbóná, wéré wéré, kí ó má baà jó wọn lẹ́sẹ̀.

Ní Ákírà, "ẹ jọ̀ọ́" ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹni tó fẹ́ ra omi á ní ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń tà á náà á ní ẹ jọ̀ọ́. Mo rí awakọ̀ kan tó bọ́ sílẹ̀ láti bá ẹnìkejì rẹ̀ jà. Ó tọ́ka sí i lójú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé orí yín pé?"

Bí o bá sì wọ ibi tí àwọn ènìyàn jókòó sí, o ní láti bọ gbogbo wọn lọ́wọ́, láti apá ọ̀tún lọ sí apá òsì, láìfo ẹnìkan. Ìyà ńlá ni fún onítìjú. Èmi a máa kúnlẹ̀ ní tèmi, bí wọ́n ti kọ́ mi nílé. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kúnlẹ̀ kí ìyá kan nínú àwọn aládùúgbò wọn, ènìyàn méjì sáré wá gbé mi. Wọ́n rò pé òòyì ló kọ́ mi.

Oúnjẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé síwájú wa ni kẹ́ńkẹ̀. Inú èèpo àgbàdo ni wọ́n ń di í sí. Ó jọ ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ tí inú ń bí ni: ó le, ó kan, ó sì múra ìjà. Wọ́n bu ata tútù àti ẹja sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Sister Éfúà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ tiwọn, wọ́n ní, "Rọ̀fíà, a pè ọ́ o," bí àwọn ará Gánà ti í ní kí ènìyàn wá bá wọn jẹun.

"Á gba ibi ire, mà."

Mo ká ọwọ́ jọ. Wọ́n tún jẹ díẹ̀, wọ́n tún wò mí. "A pè ọ́."

"Á gba ibi ire, mà." Ebi sì ń hó nínú mi bí omi orí iná.

Uncle Láńre bú sẹ́rìn-ín. "Éfúà, ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí wọ́n ti ń dúpẹ́ nìyẹn, wọn kì í jẹ ẹ́. Fi abọ́ sí i lọ́wọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ebi á pa ọmọ yìí mọ́ wa lọ́wọ́."

Mo jẹ ẹ́ tán nítorí ìtìjú. Kí n tó kúrò níbẹ̀, èmi ni mò ń béèrè pé kẹ́ńkẹ̀ dà.

Kọ́kọ́rọ́

Iṣẹ́ Uncle Láńre ni láti máa ṣọ́ kọ̀ǹpútà àwọn ilé iṣẹ́ kí olè má baà wọ̀ ọ́. Nígbà tí Aunty Bísí sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, mo rò pé ìbọn tàbí ajá á wà nílé wọn. Síńgílẹ́ẹ̀tì àti awò ojú ni mo bá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n yí àga wọn sí mi.

"Rọ̀fíà, ojúewé tí orin rẹ wà, ta ló mọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé ó le?"

"Ó le, sà. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n."

"Má sọ ọ́ fún mi o. Kọ orin yẹn kí n gbọ́ ná."

Mo kọjú sí fèrèsé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Mi ò tíì dé ibi òwú tí wọ́n fi ní ó tó. Wọ́n yí kọ̀ǹpútà sí mi. Ojúewé mi ti ṣí gbayawu, àwòrán mi ń rẹ́rìn-ín sí mi láti inú rẹ̀.

"Yéè! Uncle, ẹ ti wọlé!"

"Ìwọ lo ṣílẹ̀kùn. Oríkì rẹ lo fi ṣe kọ́kọ́rọ́, oríkì yẹn náà lo sì ń kọ lórin fún gbogbo ayé."

Ẹ bá mi wò ó. Nílé wa, ìyá mi nìkan ló ń pè mí ní Àníkẹ́, nígbà tí wọ́n bá ń jí mi tàbí tí ara mi kò bá yá. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbà pé àṣírí ni. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé èmi fúnra mi ti gbé e sẹ́nu àwọn tó ń ta èso, ọlọ́kọ̀ ojú omi àti ọlọ́kadà Kútọnu.

"Ìwọ nìkan kọ́," Uncle Láńre wí. "Gbogbo ọmọ Yorùbá ló ń ṣe é. Jẹ́ kí n jókòó síbí kí n máa tẹ Àjọkẹ́, Àdùnní, Àkànní, Àlàó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti wọ ìdajì Èkó."

Sister Éfúà ń fi wá rẹ́rìn-ín lórí àga, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀n, máa rẹ́rìn-ín," ni ọkọ wọn wí. "Sọ tìẹ fún un."

"Láńre, ẹ jọ̀ọ́, dákẹ́!"

"Éfúà ni páswọ́ọ̀dù Éfúà. Orúkọ tí wọ́n ń sọ obìnrin tí wọ́n bá bí ní Jímọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá a ṣe ọjọ́ ìbí rí ti ní kọ́kọ́rọ́ ilé."

Èrò Uncle Láńre lórí ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn olè tó ń fi ọgbọ́n kọ̀ǹpútà jalè kò pọ̀ tó bí a ti ń rò. Wọ́n ní olè kò nílò kí ó já ilẹ̀kùn lọ́dọ̀ àwa dúdú, nítorí kọ́kọ́rọ́ náà la fi ń kí ara wa láàárọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sì béèrè páswọ́ọ̀dù rẹ pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹ̀rín náà ni kí o fún un. Mo yí tèmi padà lọ́jọ́ yẹn. Mi ò ní sọ ohun tí mo fi ṣe é, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú.

Ẹni Tó Ni Ọ̀tún àti Òsì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí tọkọtaya yìí máa ń jà lé lórí, mo sì gbọ́ ọ nígbà tí a ń jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ní ìgbà kan rí, Uncle Láńre ṣe sọ́fíwià kékeré, ètò orí fóònù, fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ń tà á dé òkè òkun. Bí o bá fi ìka fa àwòrán ọjà sí apá ọ̀tún, ọjà náà á wọ inú apẹ̀rẹ̀ rẹ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ni ilé iṣẹ́ ńlá kan lọ́hùn-ún bá ní àwọn ló ni fífà sí ọ̀tún. Ìjọba wọn ti fún wọn ní àṣẹ lórí ọgbọ́n náà, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ lò ó láìsan nǹkan fún wọn.

"Mi ò jí iṣẹ́ wọn," ni Uncle Láńre wí. "Mi ò tilẹ̀ rí iṣẹ́ wọn rí. Orí tèmi ni mo fi rò ó."

"Kí lẹ wá ṣe, sà?"

"Mo fà á sí òsì."

Sister Éfúà gbà á lẹ́nu wọn. "Ó fà á sí òsì. Wọ́n ní àwọn ló ni òsì náà."

Mo rẹ́rìn-ín títí ata fi gun mí nímú. Nínú ọkàn mi, mo ń ro ọ̀rọ̀ àwa aránṣọ. Bí Aunty Bísí bá dá ọrùn aṣọ tuntun kan lónìí, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo Ìkòsí ti gé e. Wọ́n á bínú, wọ́n á ní olè ni gbogbo aránṣọ. Lẹ́yìn náà wọ́n á yọ fóònù, wọ́n á máa wo ọrùn aṣọ ẹlòmíràn. Bí ẹnìkan bá ní òun ló ni bí a ti í yí ọrùn aṣọ, ìhòhò la máa wà. Mo sọ ọ́ fún wọn, ohùn mi kò le.

"O ṣé! Gbọ́ ohun tó wí, Éfúà."

"Mo gbọ́. Ẹni tó ṣiṣẹ́ lórí ọgbọ́n kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó jẹ gbèsè lé e lórí kó tó ṣí i fún wa ń kọ́? Kó máa mu afẹ́fẹ́?"

"Kó jẹun lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Aṣọ tó rán, tirẹ̀ ni. Bí a ti í rán aṣọ, ti gbogbo ayé ni."

"Ta ló máa sọ ibi tí aṣọ parí sí, tí rírán bẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, sọ fún mi."

Wọ́n jà títí kẹ́ńkẹ̀ fi tutù, ẹ jọ̀ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ní ìparí. Èmi kò gbọ́ wọn mọ́. Ọ̀la ni mo máa lọ rí Ọ̀gbẹ́ni Kòfí, mo sì ń bi ara mi pé orin mi ńkọ́? Ṣé aṣọ ni, àbí rírán?

Yàrá Tútù

Ọ̀gbẹ́ni Kòfí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dìde kí mi, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n fún mi lómi. Nígbà tí wọ́n rí i pé ojú ń tì mí, wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀. Yàrá wọn ló tutù jù. Sister Éfúà tẹ̀ lé mi kí wọ́n lè máa túmọ̀, nítorí Òyìnbó tèmi kò gùn.

Wọ́n ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ kedere. Àwọn á gba orin mi sílẹ̀ pẹ̀lú gìtá, àwọn á gbé e dé rédíò ní Gánà àti ní Èkó. Orin náà á wá di tiwọn títí ayé, pẹ̀lú gbogbo orin tí mo bá tún kọ títí irun mi á fi funfun. Màá fún wọn ní páswọ́ọ̀dù ojúewé mi. Ẹnikẹ́ni tó bá ń lo orin náà láìgbàṣẹ, wọ́n á yọ tirẹ̀ kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Mo bi Sister Éfúà léti pé ṣé àwọn ọmọbìnrin tó ń fi í jó ní Kétu náà wà lára wọn. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún Ọ̀gbẹ́ni Kòfí.

"Olè ni gbogbo wọn," ni Ọ̀gbẹ́ni Kòfí dáhùn. Wọn kò fi ìbínú sọ ọ́. "Orin tí kò ní ẹni tó mú un dání, ẹyẹ oko ni. Èmi ni mo máa náwó, èmi ni mo máa lọ bẹ àwọn onírédíò. Ṣé kí n ṣe gbogbo ìyẹn tán kí ẹlòmíràn wá máa jẹ ẹ́?"

Mo rí òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Mo sì rántí ọlọ́kadà tó tẹ́ mi sí afẹ́fẹ́ rere. Mo fẹ́ rédíò náà o, ẹ̀yin ará. Ojú mi ti ń rí i. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mi ò lè gbà.

Báwo la ti í sọ rárá fún àgbà? Bí wọ́n ti kọ́ mi nílé, o máa kọ́kọ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má bínú, ẹnu á wá tẹ̀ lé e. Mo bọ́ sílẹ̀ lórí àga, mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀. Ẹnu kò tẹ̀ lé e.

Ọ̀gbẹ́ni Kòfí fò sókè. "Ó ti gbà! Ẹ wò ó, ó ń dúpẹ́!" Wọ́n fà mí dìde, wọ́n ń gbọ̀n mí lọ́wọ́. Wọ́n pe ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ nínú sítúdíò, òun náà wọlé, ó ń pàtẹ́wọ́. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti gbé ìrẹsì jọ́lọ́ọ̀fù síwájú mi, jọ́lọ́ọ̀fù Gánà tí mo ti ṣèlérí fún Aunty Bísí pé mi ò ní yìn láéláé. Ó dùn. Ẹ má sọ fún wọn.

Sister Éfúà ń wò mí bí mo ti ń jẹ, wọ́n sì bi mí ní Yorùbá. "Rọ̀fíà, ṣé ò ń dúpẹ́ ni, àbí ò ń bẹ̀bẹ̀?"

"Mò ń bẹ̀bẹ̀, mà."

"Mo fura. Ìwọ lo máa sọ ọ́ o. Èmi ò ní bá ọ kúnlẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Kòfí ti yọ fóònù wọn síwájú mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, tẹ páswọ́ọ̀dù náà síbí."

Mo fi síbí lélẹ̀. Mo dìde dúró, mi ò tẹ orúnkún. Ohùn mi dà bí ti ẹ̀fọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ gba orin yìí sílẹ̀, ẹ fi gìtá sí i, ẹ jẹ èrè iṣẹ́ yín lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó máa jẹ́ tèmi. Kí ẹ má sì lé ẹnikẹ́ni tó ń kọ ọ́. Àwọn tí mi ò tíì kọ, mi ò lè tà wọ́n, èmi fúnra mi kò tíì mọ̀ wọ́n. Páswọ́ọ̀dù ńkọ́? Rárá o, sà."

Sister Éfúà túmọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n fi ẹ jọ̀ọ́ sí ibi tí mi ò fi sí. Ọ̀gbẹ́ni Kòfí wo ojú mi, wọ́n wo ilẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ sí.

"Kí lo wá kúnlẹ̀ fún?"

"Mò ń bẹ̀ yín kí ẹ má bínú ni, sà."

"Kí n má bínú sí kí ni?"

"Sí ohun tí mo fẹ́ sọ, sà."

"Ní ọ̀dọ̀ yín, ẹ máa ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú nu omijé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, wọ́n ní àwọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀, àwọn kò sì ní bẹ̀rẹ̀ lórí mi. Wọ́n ní kí ẹlẹ́rọ máa lọ sílé. Wọ́n di ìrẹsì tó kù fún mi, wọ́n sìn wá dé ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé ó dùn ọ́?" Sister Éfúà bi mí nígbà tí a dé ìta.

"Ó dùn mí, mà."

"Ó yẹ kó dùn ọ́. Nǹkan ńlá ni." Mo fẹ́ràn wọn nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. A rìn lọ, a ń jẹ ìrẹsì náà nínú ọ̀rá.

Ilé

Ní ọ̀nà ìpadàbọ̀, orin mìíràn yọ sí mi. Ní Lòmé, ìlà kan péré ni. Kí á tó wọ Èkó, ó ti ní ẹsẹ̀ àti ègbè, mo ń kọ ọ́ sínú ikùn kí ẹni ẹ̀gbẹ́ mi má baà tún sún kúrò.

Aunty Bísí ti dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn aládùúgbò wà lẹ́yìn wọn. Wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ báàgì kalẹ̀.

"Rékọ́ọ̀dù dà?"

"Kò sí, mà."

"Kò sí bí i ti báwo?"

Mo ṣàlàyé. Mo rò pé wọ́n á pariwo. Wọ́n rọra jókòó lórí àga oníbàárà, wọ́n la ojú sí mi.

"Dúró ná. Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ, Rọ̀fíà? Pẹ̀lú ẹnu rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Lójú rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìwọ tí mo ń bá sọ fún oníbàárà pé aṣọ kò tíì parí!"

Wọ́n bínú sí mi lẹ́yìn náà, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ sí i, nítorí wọ́n ti sọ ọ́ káàkiri pé mo ń lọ dé rédíò. Gbogbo ọ̀sán yẹn ni wọ́n fi ń já aṣọ ya ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n bi mí láìwò mí, "Jọ́lọ́ọ̀fù wọn ńkọ́?"

"Kò tó tiwa, mà."

"Mo mọ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù. Mo fi fóònù ti ìkòkò omi kí ó lè gba ohùn mi sílẹ̀, mo jókòó síwájú rẹ̀, mo kọ orin tuntun náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò tíì fi ọwọ́ ara mi gbé orin síta rí, Aunty Bísí ló máa ń bá mi ṣe é. Mo kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀ pé: *Rọ̀fíátù ará Ìkòsí ló kọ orin yìí, ó sì wà láàyè. Ẹni tó bá wù kó máa kọ ọ́. Ẹ kàn sọ ẹni tí ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.* Mo tẹ bọ́tìnnì, ó lọ sórí ojúewé mi. Mo mú ìgbálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀.